Àwọn Àgbẹ̀ Tí Kò Ṣubú Mọ́

Bàbá mi ní òtútù ló ń mú òun. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó mú jù lọ la wà, ilẹ̀ Kabba gbẹ táútáú, àwọn ewúrẹ́ ń wá òjìji lọ sábẹ́ ọkọ̀ tó ti bàjẹ́ lẹ́yìnkùlé wa, ooru sì ti lé èmi fúnra mi jáde nínú ilé. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún bàbá mi ń gbọ̀n lórí itan rẹ̀, ó sì rí i pé mo rí i, ló bá ní òtútù ni. Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bá yín mú súwẹ́tà wá." Mo mú súwẹ́tà wá lóòótọ́. Mo fi wọ̀ ọ́, òógùn bò ó, kò sì sẹ́ni tó sọ nǹkan kan nínú àwa méjèèjì.

Bí a ṣe ń gbé nílé wa nìyẹn. Mi ò mọ̀ bóyá gbogbo ilé ní ilẹ̀ Okun ló rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n nílé tiwa, a kì í sọ fún àgbàlagbà pé ara rẹ̀ ti ń kọ iṣẹ́. A óò kí i pé okun o, a óò bi í pé ara ńkọ́, yóò ní ara le, a óò sì dúpẹ́. Dókítà tí mo gbé e lọ bá ní Lọ́kọ́ja ti ṣàlàyé fún wa pé àìsàn kan ni tó máa ń mú kí ọwọ́ gbọ̀n, kí ẹsẹ̀ máa wọ́lẹ̀, pé oògùn tó lè dín in kù wà, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè lé e lọ. Bàbá mi fetí sí i bí ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn fún. Nígbà tí à ń bọ̀ nínú ọkọ̀, ó ní dókítà náà kéré lọ́jọ́ orí, pé ó jọ pé kò tíì gbéyàwó. Ọ̀rọ̀ àìsàn parí síbẹ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe. Lẹ́yìn tí ìyá wa kú ni mo kó ẹrù mi kúrò ní Ìlọrin, mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi sí yàrá iwájú ilé bàbá mi, mo sì ń gbé ibẹ̀ títí di òní. Abẹ́rẹ́ àti òwú ni mo mọ̀, òun náà ni mo fi ń tọ́jú bàbá mi. Nígbà tí bọ́tìnì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́gun rẹ̀, mo rán ẹ̀wù ọlọ́rùn gbẹndẹku fún un, èyí tí èèyàn lè bọ́ sọ́rùn láìsí bọ́tìnì kankan, mo ní àrà tuntun ló dé. Nígbà tí bẹ́líìtì di ogun, mo ki rọ́bà bọ ìbàdí gbogbo ṣòkòtò rẹ̀. Ó wọ̀ wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ọmọ òun ló ní kí òun máa ṣe fáàrí lọ́jọ́ ogbó. Ó mọ ohun tí mo ṣe. Èmi náà mọ̀ pé ó mọ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí abẹ́rẹ́ ò lè tún ṣe pọ̀. Olórí ilé ẹ̀kọ́ ni bàbá mi kó tó fẹ̀yìn tì, àwọn tó kọ́ láti di pẹ́ńsù mú ń bẹ káàkiri ìlú yìí, ṣùgbọ́n kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀ mọ́. Ó yọ ara rẹ̀ kúrò nínú àwọn tó ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí pé ìwé máa ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀pẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Kò lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ mọ́, nítorí pé wọ́n á fún un ní ife, ohun inú rẹ̀ á sì dà sílẹ̀. Eré ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ló kù. Mo máa ń sọ lọ́kàn ara mi pé bí eré yẹn bá bọ́, orí ibùsùn ló kù tí yóò lọ, kò sì ní dìde níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀rù yẹn ni mò ń gbé sùn, òun ni mò ń gbé jí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa eré náà. Bàbá mi àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló dá a sílẹ̀ nígbà tí wọ́n jẹ́ ọ̀dọ́ olùkọ́ ní Ìsánlú, tí wọn ò tíì níyàwó, tí kò sì sí ohun tí wọ́n lè fi ìrọ̀lẹ́ ṣe. Wọ́n mú pátákó dráàfù kan, wọ́n kun àárín rẹ̀ ní ọ̀dà pupa, wọ́n ní ebè iṣu nìyẹn. Àwọn àgbẹ̀ ń ṣọ́ iṣu, àwọn ọ̀bọ ń wá ọ̀nà tí wọ́n máa gbà dé ibẹ̀. Bàbá mi ló gbẹ́ àwọn àgbẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló gbẹ́ àwọn ọ̀bọ, kò sì sí èyí tó mọ ère gbẹ́ nínú àwọn méjèèjì. Igi tó fúyẹ́ ni wọ́n lò. Orí àwọn àgbẹ̀ tóbi ju ìdí wọn lọ, ọkọ́ tó wà léjìká wọn sì ń fà wọ́n sẹ́yìn. Ìrù àwọn ọ̀bọ gùn sókè bí èyí tó fẹ́ já èso. Èèyàn á wúkọ́ lásán, wọ́n á fẹ́ ṣubú.

Òfin rẹ̀ kò le. Bí àgbẹ̀ méjì bá há ọ̀bọ kan sáàárín, ọ̀bọ náà ti kú, wọ́n á yọ ọ́ kúrò. Bí ọ̀bọ méjì bá há àgbẹ̀ kan sáàárín, àgbẹ̀ náà ti kú. Èyí tó wá ju gbogbo rẹ̀ lọ, tó jẹ́ pé bàbá mi ló gbé e kalẹ̀, ni pé ère tó bá ti ṣubú ti kú, ì báà jẹ́ ọwọ́ ló gbá a, ì báà jẹ́ atẹ́gùn. Ó ní nígbà yẹn, gbogbo ìgbà tí atẹ́gùn bá fẹ́ ni àwọn máa ń jà lórí ẹni tó dojú ère dé, òun sì gbé òfin náà kalẹ̀ kí ìjà lè tán. Kò sẹ́ni tó yí i padà láti ìgbà náà wá.

Ìlú Ìyàrá, ní ilẹ̀ Ìjùmú, ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ yìí ń gbé. Bàbá Ìyàrá ni mo máa ń pè é. Mùsùlùmí ni, àwa sì jẹ́ Kristẹni. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ló máa ń wọ ọkọ̀ wá sọ́dọ̀ wa, pẹ̀lú agbádá funfun rẹ̀ àti ọsàn nínú láílọ́ọ̀nù. Bàbá mi kì í pe orúkọ rẹ̀, Ìjùmú ló máa ń pè é. Òun náà á fi orúkọ àwọn ará Kabba pè é, á ní, "Owé, okun o. Ṣé iṣu rẹ ṣì kù?" Bàbá mi á ní kó wá wò ó. Wọ́n á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mà á gbé tábìlì sáàárín wọn, mà á sì padà sídìí ẹ̀rọ mi lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí mo ti lè máa rí wọn.

Nígbà tí àìsàn náà wọlé, ìyà ni wíwo eré náà di fún mi. Bàbá mi á na ọwọ́ sí àgbẹ̀ kan, ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n kó tó débẹ̀, á gbé e, á gbé e dé ibi tó fẹ́, bó bá sì ti ń fi í sílẹ̀ báyìí, àgbẹ̀ á yí lulẹ̀. Nígbà mìíràn yóò gbá òmíràn ṣubú pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́ tó ṣẹlẹ̀, mo sọ láti ìdí ẹ̀rọ pé, "Atẹ́gùn ni, Bàbá." Ó ní òfin ò yọ atẹ́gùn sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì yọ òkú àgbẹ̀ rẹ̀ kúrò. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ na ọwọ́ láti gbé e dìde, bàbá mi di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Fi òkú sílẹ̀."

Ohun kan ṣoṣo tó ń tù ú nínú ni pé àwọn ọ̀bọ náà ń ṣubú. Bí àgbẹ̀ kan bá ti lọ báyìí, kò ní pẹ́ tí Bàbá Ìyàrá á fi na apá láti mú ọsàn, apá agbádá rẹ̀ á sì gbá ọ̀bọ kan dà nù. Bàbá mi á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Á ní, "Ìjùmú, aṣọ rẹ yìí mọ ọdẹ ṣe jù mí lọ." Èkejì á mi orí, á ní ogbó ti dé, kí ni òun fẹ́ ṣe sí i. Mo gbà á gbọ́. Mo tiẹ̀ sọ fún un pé kó bọ́ agbádá náà sílẹ̀ kí n bá a dín apá rẹ̀ kù, ó ní kí n má ṣèyọnu, pé bó ṣe rí yẹn ló tẹ́ òun lọ́rùn.

Ọwọ́ bàbá mi ń burú sí i. Ó wá di pé eré á parí kí wọ́n tó bó ọsàn tán. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, gbogbo àgbẹ̀ rẹ̀ ló ṣubú, láìsí ọ̀bọ kan tó há ọ̀kankan nínú wọn mọ́. Ó wo pátákó, ebè iṣu dá wà láàárín. Ó ní, "Ìjùmú, bóyá ká sinmi díẹ̀. Ọ̀nà jìn, owó ọkọ̀ sì ti gbówó lórí." Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní òun á wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bàbá mi ní kí n kó àwọn ère sínú àpò wọn.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, mò ń rán aṣọ fèrèsé fún ilé ìjọsìn kan tó wà ní ẹ̀gbẹ́ òkè, níbi tí atẹ́gùn kì í jẹ́ kí aṣọ fèrèsé sinmi. Ohun tí a máa ń ṣe fún irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ni pé a óò rán nǹkan wúwo sí etí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo ní àwọn kọ́bọ̀ onírin àtijọ́ tí kò sẹ́ni tó ń gbà á lọ́jà mọ́, àwọn ni mò ń rán mọ́ ọn. Bí mo ṣe gbé ojú sókè, mo rí àpò àwọn ère tó so kọ́ sára ìṣó. Mo fi aṣọ fèrèsé sílẹ̀.

Mo kọ́kọ́ fi gọ́ọ̀mù lẹ kọ́bọ̀ kan mọ́ ìdí àgbẹ̀ kan. Ó dúró dáadáa, mo gbá tábìlì, kò mì. Ṣùgbọ́n afọ́jú pàápàá á mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Mo já a kúrò. Káfíńtà kan wà ní òdìkejì títì wa, ọdẹ ni pẹ̀lú, bí ọ̀pọ̀ ọkùnrin níhìn-ín ṣe rí. Mo kó àwọn ère náà lọ bá a. Ó lu ihò sí ìdí wọn láti abẹ́, ó bu ọta ìbọn sínú rẹ̀, èyí tó rí wínníwínní tí wọ́n fi ń yin ẹran kéékèèké. Èyí àkọ́kọ́ ń dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ bí mo ṣe gbé e, ni mo bá ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ó dà á nù, ó po lẹ́búlẹ́bú pákó mọ́ gọ́ọ̀mù, ó fi dì í pẹ̀lú ọta, ó fi awẹ́ pákó tẹ́ẹ́rẹ́ dí ojú ihò, a sì jọ fi bébà oníyanrìn fá a títí ó fi dán. Èmi fúnra mi ló fi póláàṣì bàtà pa á láró. Káfíńtà ní kí n fọ ọwọ́ mi dáadáa kí n tó jẹun, pé òjé tí wọ́n fi ṣe ọta kì í ṣe ohun tó yẹ kó dé ẹnu.

Mo ní kó fi sí ti àwọn ọ̀bọ náà. Mo rò ó pé bàbá mi á máa fọwọ́ kan àwọn ọ̀bọ tó bá pa, á sì mọ̀ pé tirẹ̀ wúwo ju ti ẹnì kejì lọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bó ṣe tọ́ wa ni pé ohun tí a bá ṣe fún ẹnì kan, ká ṣe é fún èkejì. Bí mo bá ti fi ti àwọn ọ̀bọ sílẹ̀ ni, ohun tó ṣẹlẹ̀ ì bá má ṣẹlẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ pé, Bàbá Ìyàrá dé. Bàbá mi kọ́kọ́ ní ó rẹ òun, èkejì ní kó wá ta ẹyọ kan ṣoṣo. Wọ́n jókòó. Bàbá mi gbé àgbẹ̀ àkọ́kọ́, ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n, ó fi í sílẹ̀. Àgbẹ̀ náà mì síwájú, ó mì sẹ́yìn, ó dúró. Bàbá mi tẹjú mọ́ ọn. Ó gbé èkejì, òun náà dúró. Ó há ọ̀bọ kan, ó yọ ọ́. Mo rí i tó nà tó ró lórí àga rẹ̀ bíi ti àtijọ́ ní ilé ẹ̀kọ́, ó ń fi imú kọ orin, ó ní kí n mú ọ̀bẹ wá kí ọ̀rẹ́ òun bó ọsàn. Inú mi dùn débi pé aṣọ tí mò ń rán wọ́, mo sì ní láti tú u.

Lẹ́yìn náà, àgbẹ̀ kan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láti òkè, kó tó gbé e débi tó ń lọ rárá. Ọta ò lè ran ìyẹn lọ́wọ́. Ó ṣubú, bàbá mi sì yọ ọ́. Kò bínú púpọ̀. Bàbá Ìyàrá na apá láti mú ọsàn. Apá agbádá rẹ̀ gba ara ọ̀bọ kan kọjá. Ọ̀bọ mì, ó dúró. Ó dá ọsàn padà, ó tún na apá, aṣọ tún gba ara ọ̀bọ kọjá, ọ̀bọ ò lọ síbì kankan. Mo rí i tí ojú rẹ̀ dàrú. Ló bá ti ìka bọ abẹ́ aṣọ, ó taari ọ̀bọ náà ṣubú.

Bàbá mi ń wò ó.

"Ìjùmú."

"Mò ń gbọ́."

"Kí lo ń ṣe?"

"Apá aṣọ ni."

"Apá aṣọ ti kọjá lẹ́ẹ̀mejì. Ìka rẹ ni mo rí."

Bàbá mi mú ọ̀bọ tó ṣubú náà, ó gbé e sọ́wọ́ òsì, ó mú àgbẹ̀ kan sọ́wọ́ ọ̀tún, ó ń wọn bí wọ́n ṣe wúwo tó. Ó gbé ọ̀bọ náà sétí, ó mì í. Ó yí i dà, ó fi èékánná họ ìdí rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń gbọ̀n, ìdí àgbẹ̀ sì ń kan tábìlì, kọ, kọ, kọ. Ó ní kí n wá. Ojúlówó Owé ló fi bá mi sọ̀rọ̀, èdè tó máa ń sọ bí inú bá bí i. Mo kọ ọ́ síbí lọ́nà tó máa yé gbogbo èèyàn.

"Ta ló gbẹ́ inú ère yìí?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Kí lo kó sí i?"

"Ọta ìbọn."

"Nítorí kí ni?"

Ó yẹ kí n kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ní orí kunkun, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti jogún rẹ̀. Mo ní, "Nítorí atẹ́gùn."

Ó wojú mi. Ó kọjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Ìwọ, láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́."

"Gbogbo ọ̀bọ tó ti kú lábẹ́ aṣọ rẹ, ìwọ lò ń pa wọ́n?"

"Èmi ni."

"Mo sì ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́."

"Mo gbádùn yẹ̀yẹ́ náà," ni Bàbá Ìyàrá wí. Ó fi ọwọ́ kó apá agbádá rẹ̀ lé èjìká bí ẹni tí ojú ń tì. "Mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé ìwọ nìkan lò ń ṣubú, Owé. Kò sí ohun mìíràn níbẹ̀."

Bàbá mi ní, "Ẹ ti sọ mí di ọmọdé láàárín ara yín." Ó dìde. Dídìde rẹ̀ kì í yá mọ́, ó ní láti mì síwájú mì sẹ́yìn kó tó lè gbé ara kúrò lórí àga, èmi àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì dúró tì í láì lè na ọwọ́ sí i. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́ lórí sìmẹ́ǹtì lọ sí yàrá. Ó ti ilẹ̀kùn.

Mo sin Bàbá Ìyàrá dé ìta. Inú ń bí mi sí i, mo sì sọ fún un. Mo ní kí ló dé tí kò fi sọ fún mi.

"Hàbà, ọmọ mi," ó ní. "Ìwọ náà ò sọ fún mi. Bí o bá sọ fún mi pé àwọn ère ti wúwo, ṣé mà á máa fi aṣọ lásán gbá wọn?"

"Ẹ sì rò pé ohun tí ẹ̀ ń ṣe dára?"

"Ó ń rẹ́rìn-ín," ó ní. "O gbọ́ ọ tó ń rẹ́rìn-ín."

Ohun tó bí mi nínú jù lọ ni pé ọgbọ́n tirẹ̀ sàn ju tèmi lọ. Ó ti ń jẹ́ kí bàbá mi ṣubú bí ó ti ń ṣubú, òun náà sì ń ṣubú tẹ̀lé e, ọta ìbọn tèmi ló wá tú u fó.

Àwọn ọjọ́ tó tẹ̀lé e burú. Bàbá mi kọ àwọn ẹ̀wù tí mo rán fún un. Ó yọ ẹ̀wù àtijọ́ kan tó ní bọ́tìnì jáde, yóò jókòó sétí ibùsùn, yóò máa bá bọ́tìnì jà títí ṣọ́ọ̀ṣì á fi jáde, kò sì ní jẹ́ kí n wọlé. Bàbá Ìyàrá ń wá ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Mà á ní Bàbá ń sùn. Á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òun nìkan, á bó ọsàn, á kó o sínú àwo, á sì wọkọ̀ padà. Mo gbé ọsàn náà wọlé fún bàbá mi, ó kọjú sí ògiri. Mo ní ṣé kí n lọ yọ ọta náà kúrò, ó ní, "Ṣé o lè yọ ohun tí mo ti mọ̀ kúrò lórí mi?"

Ohun tí mo ń bẹ̀rù gan-an ló ń ṣẹlẹ̀ yìí, ọwọ́ mi sì ni mo fi fà á. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo gbé ẹ̀kọ lọ fún un, ó ní kí n gbé e padà, pé ọwọ́ òun ti tutù jù láti di ṣíbí mú, òtútù ń mú òun. Mi ò mọ ìgbà tí mo gbé àwo kalẹ̀.

Mo ní, "Bàbá, kì í ṣe òtútù. Ọwọ́ yín ń gbọ̀n. Mo rí i, Bàbá Ìyàrá rí i, gbogbo ìjọ rí i. Àìsàn ni, kò sì ní lọ. Ẹ̀ ń gbọ̀n, a sì fẹ́ràn yín bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹun."

N kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí àgbàlagbà rí láyé mi. Bàbá mi yí ojú kúrò lára ògiri.

Ó ní, "Ó pẹ́ kí o tó sọ ọ́." Ó la ẹnu, mo sì fún un ní ẹ̀kọ náà. Nígbà tó mu ún tán, ó ní bí Ìjùmú bá dé, kí n sọ fún un pé kó bọ́ agbádá sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́nà mìíràn. Bàbá mi á fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ aṣọ ìbora lórí itan rẹ̀, yóò máa sọ ibi tó fẹ́ kí àgbẹ̀ lọ, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni yóò máa bá a gbé e. Ọwọ́ ẹnì kan ló ń darí àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ọ̀bọ. Kò sí ère tó ń ṣubú mọ́, wọn ò sì mẹ́nu ba òfin náà mọ́. Kò pẹ́ tí ìjà àtijọ́ fi padà. Bàbá mi á ní, "Èyí kọ́ ni mo ní kí o gbé, olè," Bàbá Ìyàrá á ní olè ni ẹni tó ń fi ọ̀bọ bíi tòun ṣiṣẹ́. Mo ń rán aṣọ mi, mo sì ń rò ó pé a ti bọ́ nínú rẹ̀.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, Bàbá Ìyàrá bẹ̀rẹ̀ sí í ní, "Kí lo wí?" Mo ní ariwo òjò lórí páànù ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, pé etí òun náà ti darúgbó. Ó sún àga rẹ̀ mọ́ ti bàbá mi. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún sún un. Mo máa ń dá ẹ̀rọ mi dúró bí wọ́n bá ti ń ta, mà á ní òwú ló já.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, òjò ò rọ̀, ẹ̀rọ mi ò dún, ìta pàápàá dákẹ́ rọ́rọ́. Ó kan bàbá mi láti sọ̀rọ̀. Mo rí ètè rẹ̀ tó ń lọ. Bàbá Ìyàrá fi etí sí ẹnu rẹ̀, ó ní, "Tún un sọ, Owé." Ó tún un sọ. Bàbá Ìyàrá gbé ojú wò mí, ojú rẹ̀ ń bẹ̀ mí. Èmi náà ò gbọ́ nǹkan kan: kì í ṣe etí, ohùn Bàbá ló ń lọ. Ó gbé ọwọ́ lé àgbẹ̀ kan, ó ní, "Èyí?" ó sì gbé e lọ síwájú láì dúró gbọ́ èsì. Jìnnìjìnnì ò jẹ́ kó wo ibi tó ń gbé e lọ: àárín ọ̀bọ méjì gan-an ló gbé e sí. Bàbá mi, tí kò fi àgbẹ̀ sáàárín ọ̀bọ méjì rí láti ọjọ́ Ìsánlú, wo pátákó, ó wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ibẹ̀ ni òun wí.